Ìjà Ìyá Felísité pẹ̀lú Ìrẹsì Òkèèrè

Felísité ni orúkọ tí àlùfáà fi sàmì fún ìyá ìyá mi. Àwọn tó gbọ́ Faransé sọ fún mi pé ìdùnnú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àlùfáà yẹn kò mọ ẹni tó ń da omi lé lórí. Láti kékeré mi títí di ọjọ́ tí ìyá àgbà kú, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín àfi bó bá ń fi ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bí o bá kúnlẹ̀ kí i pé ẹ kú àárọ̀, á wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Àárọ̀ ti lọ tipẹ́, ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí."

A sin ín sí Lẹ́mà, abúlé wa ní Ìdáàṣà, lábẹ́ òkè, nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ níbi òkú rẹ̀ ló purọ́. Wọ́n ní ó ní sùúrù. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ tutù. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo jókòó, mo ń wo ilẹ̀, ojú ń tì mí fún wọn. Bó bá ṣe pé ó gbọ́ wọn ni, ì bá dìde nínú pósí lé wọn jáde. Èmi tí mo dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ìjà ni obìnrin náà fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà, àti pé kì í ṣe gbogbo ìjà ọ̀hún ló jẹ̀bi rẹ̀.

Ìrẹsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fún un ní àkùrọ̀ kan láàárín òkè méjì, níbi tí omi òjò ń rọ́ sí. Ibẹ̀ ló ń gbin ìrẹsì sí. Bó bá kórè tán, á rẹ ẹ́ sómi, á sè é tòun tèèpo nínú àgbá, á wá gbé e lọ sá sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìdáàṣà mọ̀ pé àpáta kò wọ́n wa. Lọ́sàn-án, orí àpáta á gbóná bí ìdí ìkòkò, ìrẹsì á sì gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n àpáta náà ń rún wẹ́wẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwa tí à ń rò ó, èérún rẹ̀ á bá ìrẹsì wọlé. Bó ti wù ká fẹ́ ẹ tó, bó ti wù ká ṣà á tó, òkúta kan á ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró de eyín ẹnì kan. Ohun tí wọ́n fi ń bú ìrẹsì wa nìyẹn, láti ọjà Glazoué títí dé Kútọnù. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó ń yó ni. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ìkòkò kékeré rẹ̀ ń bọ́ ilé ńlá. Òkúta ṣáá ni.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn èrò bá ya dé láti gbogbo orílẹ̀-èdè Benẹ̀ wá gbàdúrà sí Ìyá Màríà ní ihò àpáta Arigbo, ìyá àgbà máa ń gbé oúnjẹ lọ tà fún wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin kan láti Kútọnù ra abọ́ ìrẹsì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kọ́rùn. Ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó pariwo, ó tu ú sílẹ̀ lójú wa.

"Màmá, òkúta lẹ sè fún mi yìí? Ẹ ò ní èyí tó ń ta sánsán yẹn, èyí tó ń ti òkèèrè wá?"

Èmi ti ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà gba abọ́ náà lọ́wọ́ obìnrin ọ̀hún, ó dá owó rẹ̀ padà fún un, ó wá na ìka sí ihò àpáta tí gbogbo wọn ń kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Iwájú òkúta lo rin gbogbo ọ̀nà yẹn wá kúnlẹ̀ sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni o kò lè jẹ?"

Àlùfáà ìjọ wa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá àgbà lọ lóòótọ́. Nígbà tó dé, mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní òun sọ fún àlùfáà pé ìrẹsì òkèèrè ni wọ́n ń sè nílé àwọn àlùfáà, òun ti gbóòórùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ibi tí ìjà náà ti le jù, inú ilé wa gan-an ni. Ìyá àgbà bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Bàsílì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Tọ́ntọ́n Bàsílì là ń pè é, bí Faransé ti ń pe arákùnrin òbí ẹni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó lọ sí Kútọnù, ó ń ru ẹrù ní èbúté, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń já ìrẹsì Éṣíà sílẹ̀. Orí rẹ̀ ló fi ń ru ú. Nígbà tó yá, ó mọ àwọn tó ni ẹrù. Ìgbà tó máa padà wá sí Ìdáàṣà, bùtíkì ló ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó to àpò ìrẹsì òkèèrè kan àjà. Inú gbogbo ẹbí dùn. Ìyá àgbà nìkan ni kò lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣí i.

Kí n má parọ́ mọ́ Tọ́ntọ́n: èèyàn burúkú kọ́. Bùtíkì yẹn ló rán mi níwèé. Òun ló ra bẹ́ẹ̀dì tí ìyá àgbà kú lé lórí. Nígbà tí ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ta nǹkan mìíràn, ó fún un lésì kan tí mi ò tíì rí ẹni tó lè já ní irọ́. Ó ní, "Bí mi ò bá tà á, ṣé ọkọ̀ ojú omi á padà sílé ni? Ẹlòmíì á tà á, ẹ̀yin náà á sì máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá mi gba àpò òfìfo kan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, ó ń fi kó èédú. Àpò tó nípọn ni, ó dára. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà rí i nílé, ó da èédú inú rẹ̀ sílẹ̀ ní àárín àgbàlá, ó sì ti àpò náà bọ iná lábẹ́ àgbá tó fi ń se ìrẹsì. Òórùn rọ́bà gba gbogbo ilé. Ìyá mi ní, "Ìyá, àpò lásán mà ni." Ó dáhùn pé, "Ẹni tó lé mi lọ́jà, mi ò ní máa fi ẹ̀wù rẹ̀ nu ẹsẹ̀."

Àwọn kan wà tí à ń pè ní pírójẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìdàgbàsókè tó máa ń fi mọ́tò funfun rìn kiri abúlé. Wọ́n kó àwọn obìnrin Lẹ́mà jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà tó mọ́ ju abọ́ tí à ń lò lọ, ó sọ fún wọn pé ìjọba fẹ́ kí Benẹ̀ máa bọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n gbin ìrẹsì sí i, kí wọ́n má bẹ̀rù. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà ò pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìjọba tó ní ká gbìn ín, ṣé òun náà ló ni èbúté?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nígbà tí ìrẹsì àwọn ará òkèèrè bá dé ibẹ̀, kí ni wọ́n ń sọ fún un? Ṣé wọ́n ń ní kó padà?"

"Màmá, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwa. Mínísítà mìíràn ló ń rí sí ìyẹn."

Ìyá àgbà dìde, ó gbọn eruku ìdí ìró rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ lọ bára yín sọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ara yín yé, kẹ́ ẹ padà wá bá mi."

Wọn ò padà wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé oníjàgídíjàgan ni ìyá àgbà. Ní báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Paraku, tí mo ń gbọ́ Faransé tí wọ́n ń sọ nínú rédíò, mo mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń jẹ èrè lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó ń sọ̀ ní èbúté. Ẹni náà kò mọ ibi tí Lẹ́mà wà. Kò tiẹ̀ kórìíra wa. Mo máa ń rò pé bó bá ṣe pé ó kórìíra wa ni, ì bá sàn díẹ̀, nítorí a ó mọ̀ pé ó rí wa.

Ìjà náà wá bẹ́ lọ́dún tí Nàìjíríà ti ibodè. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn oníṣòwò Nàìjíríà máa ń wá sí ọjà Glazoué wá ra ìrẹsì eléèpo lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ìyá àgbà ò fẹ́ràn wọn, ó ní ọwọ́ wọn ń wúwo lórí ìwọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n ń rà. Bí ibodè ti tì, wọn kò wá mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Púpọ̀ nínú ìrẹsì tí ọkọ̀ ojú omi ń já sí Kútọnù kì í ṣe fún àwa, Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé e gba ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí ọ̀nà dí, ó há mọ́ àwọn tó kó o wọlé lọ́wọ́. Wọn ò lè dà á sókun. Wọ́n dà á lé wa lórí. Ìrẹsì òkèèrè wá pọ̀ bí iyanrìn ní Ìdáàṣà, wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀ débi pé àwọn tó ń gbin ìrẹsì gan-an ń rà á jẹ. Àká ìyá àgbà kún dé òrùlé, ẹnikẹ́ni kò bi í pé èló ni.

Inú ọdún yẹn náà ni bàbá àgbà kú.

Ìyá àgbà sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìrẹsì àkùrọ̀ náà ni kí wọ́n fi ṣe àlejò òkú, nítorí ọkọ òun ló fi àkùrọ̀ náà ta òun lọ́rẹ. Tọ́ntọ́n Bàsílì ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti Kútọnù. Ẹ jọ̀ọ́, a ò lè gbé òkúta síwájú wọn." Ó fi kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, kó àpò tirẹ̀ wá. Ìyá àgbà mú ìgbálẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sórí àpáta. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá látìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo èèyàn tẹ̀lé òkú lọ. Ìyá àgbà dúró nílé gẹ́gẹ́ bí opó. Èmi àti àwọn obìnrin tó ń dáná ló kù. A ti sọ ìrẹsì kalẹ̀ nínú àwọn ìkòkò ńlá, ó funfun báláú, òórùn rẹ̀ ń ta. Mo rí ìyá àgbà tó jáde láti ẹ̀yìn ilé nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, ó ru agbada kan lórí. Mo rò pé omi ni. Ó sọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò àkọ́kọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, èyí tó gbá jọ lórí àpáta. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sínú ìrẹsì, ó mú ọmọ orógùn, ó rò ó pọ̀ dáadáa bí ẹni tó ń ro ọbẹ̀ fún ọkọ. Ó bọ́ sórí ìkejì. Àwọn obìnrin ń kígbe, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ di opó lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀? Kí wọ́n tó sáré pàdé Tọ́ntọ́n tó ń ti ibojì bọ̀, ó ti dé orí ìkòkò tó kẹ́yìn.

"Ìyá! Kí lẹ ṣe yìí? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ìyá àgbà fi ọmọ orógùn lélẹ̀, ó nu ọwọ́. "O ní ìrẹsì mi lókùúta. Èyí náà ti di ìrẹsì mi. Bù ú fún àlejò rẹ."

Iṣu sísè àti búrẹ́dì ni àwọn èèyàn ńlá jẹ lọ́jọ́ náà. Tọ́ntọ́n dúró ní àárín àgbàlá, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní ohùn rara pé bàbá òun kò tíì tutù nínú ilẹ̀ tí ìyá òun fi sọ òun di ẹlẹ́yà. Kò tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ Lẹ́mà mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá mi ló ń lọ ló ń bọ̀ láàárín wọn. Bó bá dárúkọ rẹ̀, ìyá àgbà á ní, "Ẹni èbúté yẹn? Mo gbọ́ pé ó wà láyé."

Ọdún bíi mélòó kan kọjá. Ìgbà kan dé tí ìrẹsì òkèèrè wọ́n gógó. Rédíò ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tà á fẹ́ kọ́kọ́ bọ́ àwọn ará ilé tiwọn. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń rò ó pé, ṣé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn? Ṣé ìjọba kan lè ronú bẹ́ẹ̀? Bùtíkì Tọ́ntọ́n ṣófo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kámíọ̀ dúró níwájú ilé wa ní Lẹ́mà. Mo ti wá kí ìyá àgbà lọ́jọ́ náà. Tọ́ntọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síwájú ìyá rẹ̀ tó ń gbá orí àpáta.

"Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Mo wá ra ìrẹsì. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá ní."

Ìyá àgbà wò ó títí. Ó tú kọ́kọ́rọ́ àká láti etí ìró rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi nígbà tí àwọn tó bá Tọ́ntọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í já àpò òfìfo sílẹ̀ láti inú kámíọ̀. Àpò òkèèrè ni, òdòdó pupa wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí kò sẹ́nì kan nínú wa tó lè kà á.

Ìyá àgbà ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Inú rẹ̀ la ó rọ ọ́ sí, Ìyá."

"Ìrẹsì tèmi?"

"Mo ti rí ẹ̀rọ tó ń yọ òkúta. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ti òkúta."

Tọ́ntọ́n na ọwọ́ méjèèjì. "Bí wọ́n bá rí i pé Lẹ́mà ló ti wá, wọn ò ní rà á. Àpò ni wọ́n ń rà. Ẹ jẹ́ ká kàn ta á ná, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá àgbà fa ilẹ̀kùn padà, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Ó ní, "Ìrẹsì mi kò jalè. Kí ló dé tí yóò máa fi orúkọ ẹlòmíì rìn?"

Mo bínú sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kò ronú nípa ẹnikẹ́ni. Ìyá mi sunkún. Kòkòrò jẹ nínú ìrẹsì náà, a jẹ nínú rẹ̀, ó fún àwọn aládùúgbò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tà á. Lẹ́yìn náà, agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Koríko gba àkùrọ̀. Kò bá mi jiyàn nígbà tí mo bú u. Ó kàn ní, "Nígbà tó bá jẹ́ tìrẹ, kí ìwọ náà tà á bó bá ṣe wù ọ́."

Nígbà tí àìsàn dá a wólẹ̀, dókítà ní Ìdáàṣà ní ká máa gbé e lọ sílé. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wá ń tọ́jú rẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ti dárúkọ obìnrin tó yá atẹ rẹ̀ tí kò dá a padà, ó sì ní kí n lọ gbà á kí òun tó kú, nítorí pé lẹ́yìn ikú, wọn á ní àwọn ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Tọ́ntọ́n Bàsílì dé. Ó ti darúgbó lójú mi. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ìyá, èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Bàsílì ni."

"Bàsílì èwo?"

Tọ́ntọ́n wò mí. Mo wo ibòmíràn. Ó ní, "Bàsílì ọmọ yín, Ìyá." Ìyá àgbà yí ojú sí ara ògiri. Tọ́ntọ́n fi fìlà dé orí, ó jáde. A gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, a gbọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ìyá àgbà kò yí ojú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Ṣé ó ti jẹun?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò bi í? Ilé ta lo ti kọ́ ìyẹn?"

Ó kú lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìsìnkú, Tọ́ntọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ wú. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé àìsàn ti jẹ iyè inú ìyá òun, kò dá òun mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Lẹ́yìn tí mo lọ, ṣé kò sọ nǹkan kan nípa mi?"

Mo ronú kan bùtíkì rẹ̀. Mo ronú kan àpò olódòdó pupa. Mo wò ó lójú, mo ní, "Rárá."

N kò tíì sọ fún un di òní, mi ò sì lè sọ pé mo ti ṣe tán. Ọmọ-ọmọ Felísité ni mí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kà á yìí bá mọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bàsílì, tó ní bùtíkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìdáàṣà, kó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ béèrè bóyá ó ti jẹun.